Ẹ Jẹ́ Kó Fi Ojú Ara Rẹ̀ Rí I: Ìtàn àti Ẹ̀dá Ìtàn Nínú Géèmù Ìbọn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń ṣe géèmù ìbọn kan. Ọdẹ ni olú ẹ̀dá ìtàn wa, òun àti àbúrò rẹ̀ ló ń lé àwọn ajínigbé tó gba igbó mọ́ ìlú wọn lọ́wọ́. Ojú ọdẹ yìí ni a fi ń wo gbogbo nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀ nìkan ló ń hàn. A kọ ìtàn tó jinlẹ̀, a sì ṣe fíìmù kékeré sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan láti fi sọ ọ́. Àmọ́ gbogbo ẹni tí a fún dán wò ló ń tẹ bọ́tìnnì láti fo fíìmù náà. Nígbà tí a bi wọ́n ní orúkọ àbúrò ọdẹ, kò sẹ́ni tó rántí. Báwo ni àwọn géèmù ńláńlá ṣe ń ṣe é tí ìtàn wọn fi ń wọni lára, tí èèyàn inú rẹ̀ sì ń dà bí èèyàn gidi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ kú làálàá. Ẹ má bínú sí àwọn tó ń fo fíìmù yín. Ẹ ti kọ́kọ́ fi ìbọn lé wọn lọ́wọ́, ẹ fún wọn ní ojú ọdẹ, ara wọn ti wọ inú igbó, àfi bí ẹ ṣe gba pádì lọ́wọ́ wọn lójijì, tí ẹ ní kí wọ́n jókòó máa wòran ọdẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tán. Ta ni wọ́n wá jẹ́ báyìí? Nínú géèmù tí a ti ń wo ẹ̀yìn akọni láti òkèèrè, kò fi bẹ́ẹ̀ dunni, nítorí òun ló ń ṣe é, àwa kàn ń darí rẹ̀ ni. Nínú irú èyí tí ẹ ń ṣe, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ìgbàkigbà tí ẹ bá ti gba ojú yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá a, okùn ìtàn já.

Nítorí náà, ẹ gé èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù yẹn dànù, kí ẹ sì kó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ síbi tí ojú àti ọwọ́ ẹni tó ń gbá géèmù yóò ti bá a pàdé. Bí àwọn tó ṣáájú ṣe ṣe é nìyí.

Nígbà tí id Software gbé Doom jáde ní 1993, ìtàn inú rẹ̀ kò ju kí á kà á fìrí lọ. Tom Hall, ọ̀kan lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, ti kọ ìwé gígùn kan nípa àwọn èèyàn inú géèmù náà àti ibi tí wọ́n ń gbé. Wọ́n pa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tì, òun fúnra rẹ̀ sì ti kúrò níbẹ̀ kí géèmù tó jáde. Doom wá tà bí ẹní ń ta omi lọ́jọ́ ọ̀dá. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló máa sọ pé géèmù ìbọn nílò ìtàn?

Half-Life ló sọ ọ́. Iléeṣẹ́ Valve gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1998, wọ́n sì gba Marc Laidlaw, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, pé kó bá wọn tò ó. Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Gordon Freeman, onímọ̀ físíìsì, ti pẹ́ kó tó dé ibi iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń gbé e wọ Black Mesa, ilé ìwádìí kan tí wọ́n kọ́ sábẹ́ ilẹ̀ ní aṣálẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ lè ṣe kò ju pé kí ẹ máa rìn nínú ọkọ̀ náà, kí ẹ máa yọjú lójú fèrèsé. Ohùn kan ń kí yín káàárọ̀ láti inú ẹ̀rọ, ó ń sọ bí ooru ìta ṣe tó, ó ń polówó iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan ń kan ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún un. Ẹ kọjá lórí adágún omi oró aláwọ̀ ewé. Ìṣẹ́jú mélòó kan kọjá bẹ́ẹ̀, ọta ìbọn kan kò tíì dún.

Lẹ́yìn náà iṣẹ́ ìwádìí àárọ̀ yẹn dàrú, ẹ̀dá àjèjì sì ya wọlé. Àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ gbà wọlé lẹ tún ń gbà jáde, iná ń ta pàrà lára ògiri, àwọn tó kí yín lẹ́ẹ̀kan ti sùn gbalaja sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ohun tó bàjẹ́ fún yín. Ẹ ti rí i nígbà tó wà ní pípé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù ti ń kánjú jù: wọ́n fẹ́ kí ìlú jóná ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbá a kò tíì mọ ẹnì kankan níbẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú yàrá ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Oúnjẹ ẹnì kan wà nínú microwave. Bí ẹ bá ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ṣáá, oúnjẹ náà á bú gbàmù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lásán ni, kò kan ìtàn. Ṣùgbọ́n ní Half-Life 2: Episode Two, àfikún ìtàn náà tó jáde ní 2007, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Magnusson ṣì ń fi oúnjẹ yẹn ta Gordon léjìká. Ọdún mẹ́sàn-án! Kò sí fíìmù tó lè mú kí n gbà pé àwọn méjèèjì ti jọ ṣiṣẹ́ rí tó bí ẹ̀sùn oúnjẹ yẹn.

Half-Life 2 ti 2004 tún wá gbé e kọjá ibẹ̀. Gordon sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ìlú kan tí àwọn àjèjì ti gbà, City 17. Àwòrán ọ̀gá ìlú, Dókítà Breen, tóbi lára ògiri, ó ń kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé káàbọ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Obìnrin kan dúró lẹ́bàá irin, ó ń retí ọkọ rẹ̀. Wọ́n mú un sọ̀ nínú ọkọ̀ nínú igbó, wọ́n ní èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò bá dé. Ẹ rìn síwájú díẹ̀, ọlọ́pàá kan tó bo ojú dènà yín. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ti agolo kan ṣubú, ó ní kí ẹ ṣà á kí ẹ lọ jù ú sí ibi ìdàlẹ̀nù. Bí ẹ bá ṣe é, á fi yín rẹ́rìn-ín, á sì jẹ́ kí ẹ kọjá. Bí ẹ bá jù ú lù ú, á fi kóńdó lé yín kiri. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ yín bí a ṣe ń gbé nǹkan nínú géèmù náà, ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ bọ́tìnnì àti ìtàn jọ wà nínú agolo kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó gbá géèmù yẹn tó gbàgbé agolo yìí. Àwa tí a ti bá ẹni tó gbé kóńdó pàdé lójú títì rí kò tilẹ̀ nílò àlàyé.

Ẹ óò béèrè pé, ṣé a kò gbọdọ̀ gba pádì lọ́wọ́ ẹni láéláé ni? Ó níbi tí ó ti tọ́. (Ẹni tí kò bá tíì gbá BioShock, kó fo ìpínrọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti jáde láti 2007.) Ẹ wà ní Rapture, ìlú abẹ́ òkun tí Andrew Ryan, olówó kan, kọ́ fún àwọn tí kò fẹ́ kí ìjọba tàbí ẹ̀sìn máa darí wọn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Atlas ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí rédíò, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jọ̀wọ́ ṣe tibí, kí ẹ jọ̀wọ́ ṣe tọ̀hún. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí ohun tí a ń ṣe nínú géèmù nìyẹn. Nígbà tí ẹ dé iwájú Ryan, ó fi yé yín pé ẹ̀bẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń dè yín láti kékeré. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ kò lè kọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Ken Levine, tó darí géèmù náà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ gba pádì lọ́wọ́ yín. Ẹ ń wo ọwọ́ ara yín bó ṣe ń fi igi gọ́ọ̀fù lu ọkùnrin náà pa, kò sì sí bọ́tìnnì tó lè dá a dúró. Wọ́n gbà á nítorí pé gbígbà yẹn gan-an ni ìtàn. Ṣé ti inú fíìmù yín náà rí bẹ́ẹ̀? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gé e.

Rapture náà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ohùn òkú inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé System Shock ti lò ó láti 1994. Ẹ óò rí ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ẹ óò tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ á máa bá yín rìn bí ẹ ṣe ń lọ. Ó wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n ti lò ó lálòjù. Gbogbo géèmù ló wá ní ẹni tó ń sọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ẹ̀rọ nígbà tí ikú ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ sinmi lórí ìyẹn.

Ó ku ti ẹ̀dá ìtàn, òun ló sì ṣòro jù. Ẹ rò pé bí a bá kọ ìgbésí ayé àbúrò ọdẹ yẹn dáadáa, àwọn èèyàn á fẹ́ràn rẹ̀. Rárá o. Nínú géèmù ìbọn, ẹ̀dá ìtàn máa ń di èèyàn nígbà tó bá rí ohun tí ẹ ṣe, tó sì fi hàn pé òun rí i.

Ẹ wo Alyx Vance, ọmọbìnrin tó ń ran Gordon lọ́wọ́ nínú Half-Life 2. Valve lo iṣẹ́ ìwádìí Paul Ekman lórí iṣan ojú èèyàn láti fi ṣe ojú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín rẹ̀ fi dé ojú, tí kò dúró sí ẹnu nìkan. Gordon kò sọ̀rọ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Alyx sì fi ìyẹn ṣe é yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Episode One, tó jáde ní 2006, ni ẹ gbọ́dọ̀ lọ gbá, nítorí ibẹ̀ ni òun àti yín ti jọ ń rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú: á gbé ọwọ́ dí ojú. Ohun kékeré ni, ó tó kí ó tì yín lójú, kí ẹ yí iná kúrò. Nígbà tó bá yá, ẹ óò wọ abẹ́ ilẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn biribiri. Alyx ní ìbọn, òkùnkùn kò sì jẹ́ kó ríran. Ọ̀tá tí ẹ bá tanná sí ló lè yìnbọn sí. Tọ́ọ̀ṣì yín sì ń tètè kú, ẹ ní láti pa á kó lè sinmi díẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ di ojú rẹ̀, òun di ọwọ́ yín. Láàárín gbogbo ìyẹn ló tún wá ń fi àwọn òkú tó ń rìn ṣẹ̀fẹ̀. Bí ẹ bá bi ẹni tó gbá a ní orúkọ ọmọbìnrin náà, kò ní ronú kó tó dáhùn.

Titanfall 2 ti 2016 ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú róbọ́ọ̀tì ńlá kan, BT-7274. Ó ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ bí a ṣe sọ ọ́, kò mọ àwàdà. Ó ní kí ẹ fọkàn tán òun, ó gbé yín lọ́wọ́, ó sì jù yín sọdá ọ̀gbun. Ẹ balẹ̀ láàyè. Láti ìgbà náà, ẹ ti fọkàn tán an, kì í ṣe nítorí pé ìwé sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀tá náà jẹ́ ẹ̀dá ìtàn, ẹ má gbàgbé o. Nínú F.E.A.R., tó jáde ní 2005, àwọn sójà ọ̀tá ń pariwo síra wọn: ọ̀kan ní òun kò ríbi sá sí, òmíràn ní kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ẹni tó gbá a ló ń sọ pé ọ̀tá inú rẹ̀ gbọ́n bí èèyàn. Jeff Orkin tó kọ kóòdù ọpọlọ wọn ti ṣàlàyé ní gbangba pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kó ipa tó pọ̀ nínú rẹ̀: sójà kọ̀ọ̀kan ń wá ibi tó dára fún ara rẹ̀, ariwo yẹn ló ń mú kó dà bí ẹni pé wọ́n ti gbìmọ̀. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ọgbọ́n ọ̀tá, ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ san owó ohùn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Far Cry 2, torí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n gbé e kà, ní orílẹ̀-èdè kan tí wọn kò dárúkọ. Clint Hocking ló darí rẹ̀ ní Ubisoft Montreal. Ní 2007 òun náà ti bá BioShock wí pé ohun tí ìtàn ń sọ àti ohun tí ọwọ́ ẹni ń ṣe nínú géèmù náà ń ta ko ara wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni tirẹ̀ jáde, ó sì gbìyànjú láti fi gbogbo ìtàn sí ọwọ́. Bí ẹ bá fẹ́ wo máàpù, ẹ óò yọ ọ́ dání, ogun kò sì ní dúró dè yín. Ìbọn ń dípẹtà, ó ń há nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ibà ń ṣe yín; ojú á ṣú, ọwọ́ á wá oògùn, ẹ ó gbé e mì. Ọ̀rẹ́ kan máa ń wá gbà yín nígbà tí ẹ bá ṣubú. Ní ọjọ́ kan òun ló máa wà nílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀. Ẹ gún un ní abẹ́rẹ́, kò gbádùn. Ẹ tún un gún, kò gbádùn. Ìwọ̀nba abẹ́rẹ́ ló kù, ìbọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí fíìmù, kò sí orin arò. Bọ́tìnnì tí ẹ ti ń tẹ̀ láti àárọ̀ náà ni.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ìbọn ń dún láti igun dé igun, àwọn onílẹ̀ fúnra wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Kò sí ọjà, kò sí ọmọ tó ń sáré, kò sí ìyá tó ń pe ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ṣe pàtàkì jẹ́ àjèjì tó wá fi ogun jẹun. Ibà nìkan ni ọmọ ìlú tó hàn dáadáa. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín nìyẹn.

Ẹ lè sọ pé Overwatch ti gbé wa wọ inú irú géèmù yìí. Òótọ́ ni, Blizzard, iléeṣẹ́ tó ṣe é, ṣe dáadáa níbẹ̀. Numbani, ìlú àfinúrò kan ní Áfíríkà, wà nínú rẹ̀ láti 2016. Ọkọ̀ kan ń gbé ìbọ̀wọ́ irin Doomfist, ọ̀kan lára àwọn jagunjagun inú ìtàn náà, lọ sí ilé àkójọ ohun àtijọ́. Ní 2017, àwọn tó wọlé síbẹ̀ kàn rí i pé nǹkan ti fọ́ káàkiri pápákọ̀ òfurufú, ìbọ̀wọ́ náà kò sì sí nínú ọkọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni Orisa dé, róbọ́ọ̀tì tí Efi Oladele, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fi àlòkù ṣe, kí Doomfist, Akande Ogundimu, tó wá dé fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe jẹ́ kí ibi ìjà fúnra rẹ̀ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni géèmù náà, nítorí náà èyí tó pọ̀ nínú ìtàn wọn wà ní ìta, nínú fíìmù àti ìwé àwòrán. Nínú ìjà, gbólóhùn kan sí méjì ni wọ́n ń jù síra wọn. Orúkọ Yorùbá mú inú wa dùn. Kò tíì tó láti sọ ẹnì kan di èèyàn tí a mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú igbó yín. Àbúrò ọdẹ tí kò sẹ́ni tó rántí yẹn, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Nínú ìwé ìtàn yín tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù, ó sì ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ gbé iná ọdẹ dé e lórí. Kó jẹ́ pé iná orí rẹ̀ nìkan ló wà lóru, ẹ̀gbọ́n ló ni ìbọn. Níbi tó bá ń wò ni ìmọ́lẹ̀ ń lọ. Bí ẹ̀rù bá bà á, kí iná náà máa gbọ̀n. Bí ẹ̀gbọ́n bá sáré fi í sílẹ̀, òkùnkùn ni ìyà rẹ̀.

Ẹ ti fún ọdẹ yín ní ìbọn ìgbàlódé tó ń yìn tatata. Kí ló dé? Ṣakabùlà ni kó gbé ní ìdajì àkọ́kọ́. Kó da ẹ̀tù sí i, kó ki í, kó fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo rẹ̀ máa hàn lójú wa, kó sì pẹ́ débi tí àyà yóò fi já. Ìgbà tó ń ki ìbọn ni kí àbúrò sọ̀rọ̀. Ẹni tí ọta kan ṣoṣo wà lẹ́nu ìbọn rẹ̀ kì í fo ọ̀rọ̀, á máa gbọ́ ẹni tó ń sọ fún un pé ẹnì kan ń bọ̀ lápá òsì. Ẹ wá jẹ́ kí àbúrò máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní “Bọ̀ọ̀dá mi” nígbà tí ara bá tutù, kí orúkọ já lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá dé.

Ẹ tún ní ìjálá lọ́wọ́, ẹ sì fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ bí orin àkọlé. Ẹ mú un wọ inú igbó. Kí àbúrò máa sun ún lábẹ́ ohùn nígbà tí ọ̀nà bá mọ́. Nígbà tó bá dákẹ́ láàárín ìlà, ẹni tó ń gbá géèmù á mọ̀ pé nǹkan wà nítòsí, kí ẹ tó fi àmì pupa kankan sí ojú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ yọ àmì pupa yẹn.

Ní ti ìlú, ìpele kìíní kò gbọdọ̀ ní ìbọn. Ẹ jẹ́ ká rìn ín nígbà tí àlàáfíà wà, ká mọ ilé tí wọ́n ti ń fọ́n iná àkàrà àti ibi tí àwọn ọmọ ń so kẹ̀kẹ́ wọn mọ́. Lẹ́yìn ìjínigbé, ẹ dá wa padà sójú ọ̀nà kan náà. Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ògiri ààfin baálẹ̀: orúkọ àwọn tó dáwó ìràpadà àti iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá. Kí iye náà máa pọ̀ sí i bí ìpele ṣe ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, á kà á. Ẹni tí kò fẹ́, á kọjá. Àwọn ajínigbé náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín ìkà lásán. Kí ọdẹ sá pamọ́ sẹ́yìn igi, kó gbọ́ bí ọ̀kan wọn ṣe ń nájà orí èèyàn lórí fóònù, tí òmíràn ń ṣàròyé pé ebi ń pa òun.

Fíìmù kan ni mo ní kí ẹ fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń gbé àbúrò lọ. Ẹ má gba pádì níbẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí ọdẹ wà nílẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè máa ki ìbọn, kí ẹ̀tù máa dà nù. Call of Duty 4 ṣe irú rẹ̀ ní 2007: bọ́ǹbù átọ́míìkì ti bú, sójà tí ẹ jẹ́ ń fà jáde nínú hẹlikópítà tó já, ẹ ṣì ń darí ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kú.

Tí ẹ bá ti tún ìpele kìíní ṣe, ẹ fún ẹni tí kò mọ̀ yín rí gbá, láìsí ohùn, láìsí àkọlé, kí ẹ sì ní kó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ìròyìn rẹ̀ bá ti ta kókó ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sí, ibẹ̀ nìkan. Fún ìjálá, ẹ má ṣe lo ọ̀rẹ́ yín tó mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn ọdẹ tó ń sun ún gan-an, ẹ san owó wọn, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ìta gbangba, níbi tí ẹyẹ àti ewé ti ń dún, torí ìjálá tí wọ́n bá gbà sínú yàrá kò ní bá igbó yín mu.